Àǹtí Kọ̀ǹpútà àti Ètò Tó Ń Jẹ́ Kàáfúnmi

Bí ẹ bá dé àdúgbò yẹn tí ẹ fi orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ béèrè rẹ̀, àfàìmọ̀ kí wọ́n má ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Àǹtí Kọ̀ǹpútà lẹ ń wá, gbogbo ẹnu ló máa dárí yín sí ilé alájà kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Kì í tètè sọ̀rọ̀, kì í sì í rẹ́rìn-ín sókè, àfi bí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin bá wà nítòsí. Àbúrò yẹn nìkan ló lè mú un rẹ́rìn-ín títí yóò fi máa di ìbàdí mú.

Àwọn méjèèjì nìkan ni ìyá wọn bí. Bàbá ti kú kí wọ́n tó gbọ́n, iṣẹ́ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá fi tọ́ wọn. Nígbà tí àbúrò wà ní ilé ìwé girama, àìsàn kan mú un tó bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀fọ́rí lásán. Nígbà tí àìsàn náà yóò fi lọ, ó kó ojú rẹ̀ méjèèjì lọ. Ọmọ tí ìwé jẹ́ oúnjẹ fún, tó máa ń kàwé wọ balùwẹ̀, ló wá di ẹni tí wọ́n ń kàwé sí létí. Ìyá á kà, ẹ̀gbọ́n á kà, títí ohùn á fi há. Bí ọmọ náà bá ti gbọ́ pé ohùn ń há, á ní, "Ó tó báyìí, mo ti mọ ibi tó ń lọ." Kò mọ ibi tó ń lọ. Ìtàn ò tíì dé ìdajì. Ohun tó ń dun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jù nìyẹn: pé ọmọ náà ń pa òùngbẹ mọ́ra kó má baà ni ẹnikẹ́ni lára.

Yunifásítì ni ẹ̀gbọ́n wà nígbà náà, ó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó pinnu láti kọ ètò kan tí yóò máa wo ọ̀rọ̀ tó wà lójú kọ̀ǹpútà, tí yóò sì máa kà á jáde ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé. Irú ètò bẹ́ẹ̀ wà fún àwọn èdè ńláńlá, ṣùgbọ́n bó bá dé orí èdè tiwọn, ńṣe ló máa ń dún bí ẹni tí kòkòrò ta ní ahọ́n. Ó sọ tirẹ̀ ní Kàáfúnmi. Ohùn ìyá wọn ni wọ́n gbà sílẹ̀ fún un, nítorí ohùn tíṣà kì í rá ọ̀rọ̀ mọ́nu.

Òun nìkan kọ́ ló kọ ọ́. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan wà, ọkùnrin gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní Agídí, nítorí kì í gbà pé àríyànjiyàn ti tán, àní bí ẹni tó ń bá jiyàn bá ti lọ sùn. Agídí ló kọ ìdajì rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e síwájú àbúrò, àtẹ̀jíṣẹ́ tí àbúrò ìyá wọn obìnrin fi ránṣẹ́ ni wọ́n ní kí ẹ̀rọ kà. Obìnrin náà kọ ọ́ pé ọkọ̀ òun ti bà jẹ́ sọ́nà, ṣùgbọ́n kò fi àmì ohùn kankan sórí ọ̀rọ̀, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Ohùn ìyá wá jáde nínú ẹ̀rọ, ketekete: "Ọkọ mi ti bà jẹ́ sọ́nà."

"Ẹ gbà mí o!" ni àbúrò ké. "Ẹ sáré lọ gbé ọkọ àǹtí wa kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ò kúrò nídìí ẹ̀rọ yẹn di ọjọ́ kejì. Ó ń fúnra rẹ̀ kàwé.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé Kàáfúnmi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí àwọn afọ́jú mìíràn lè rí i lò, ọ̀rọ̀ àṣẹ dé. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fáráyé gbọ́dọ̀ sọ ohun tí aráyé lè fi ṣe. Oríṣi àṣẹ méjì ló wà níwájú wọn, Agídí ló sì fún wọn lórúkọ. Ó pe ọ̀kan ní Ṣe-bó-o-ti-fẹ́: mú un, lò ó, tún un ṣe, tà á, kódà tì í pa mọ́ bó bá wù ọ́, kí o ṣáà ti dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́. Ó pe èkejì ní Má-tilẹ̀kùn: mú un, lò ó, tún un ṣe, tà á pàápàá, ṣùgbọ́n ẹni tí o bá fún ní èyí tí o tún ṣe, o gbọ́dọ̀ fún un ní kóòdù rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń darí ètò náà, mọ́ ọn, lábẹ́ àṣẹ kan náà, kí òun náà lè rí inú rẹ̀ kó sì tún un ṣe.

"Má-tilẹ̀kùn ni ká lò," Agídí wí.

"Ẹ̀bùn tí a so okùn mọ́ lọ́rùn, ṣé ẹ̀bùn ni?"

"Okùn kọ́. Mo ní kí ẹni tó bá mu nínú kànga má fi pákó dé e mọ́ ẹlòmíràn lórí ni."

"Kàáfúnmi kì í ṣe kànga. Bí wọ́n bá ti ẹ̀dà tiwọn pa, tiwa ṣì wà níbi tó wà."

"Tiwa á wà lóòótọ́," Agídí dáhùn. "Á wà bí ilé tí gbogbo èèyàn ti kó jáde níbẹ̀."

Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti ro tirẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe fóònù kì í fọwọ́ kan nǹkan Má-tilẹ̀kùn, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé yóò sọ ọ́ di dandan fún àwọn láti ṣí kóòdù àwọn náà síta. Òun sì fẹ́ kí Kàáfúnmi wà nínú gbogbo fóònù. Afọ́jú tó jókòó síbìkan tí kò sẹ́ni tó ń kàwé fún un, kí ló kàn án nípa àṣẹ? Kó ṣáà gbọ́. Ó sọ ọ́ fún Agídí bẹ́ẹ̀, omi sì ń yọ lójú rẹ̀ díẹ̀. Agídí wò ó, ó ní, "Ìwọ lo ni àbúrò. Èmi ò ní bá ẹni tó ni òkú du ẹkún." Wọ́n fi Ṣe-bó-o-ti-fẹ́ sí i.

Ohun tó rò náà ló ṣẹlẹ̀. Iléeṣẹ́ ńlá kan mú Kàáfúnmi, wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi í sínú fóònù àti sínú ẹ̀rọ ìpè ọ́fíìsì, wọ́n sì fún un lórúkọ tuntun tó dùn. Wọ́n dárúkọ obìnrin náà àti Agídí nínú ìwé kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Lẹ́yìn náà wọ́n ránṣẹ́ pè é wá síṣẹ́. Ìyá rẹ̀ fi ijó bọ́ aṣọ ìdáná lọ́rùn. Iṣẹ́ gidi, ọ́fíìsì gidi, ká tún máa sanwó fún un lórí ohun tí ì bá fi ọ̀fẹ́ ṣe! Wọ́n gbé ìwé àdéhùn síwájú rẹ̀, ó kà á, ó fọwọ́ sí i. Ó wà nínú rẹ̀ pé ohunkóhun tó bá kọ nípa ẹ̀rọ tó ń kàwé, ìbáà ṣe lọ́fíìsì, ìbáà ṣe nílé, ti iléeṣẹ́ ni. Ta ni yóò ka ìyẹn sí wàhálà lọ́jọ́ tí iṣẹ́ dé?

Ọ́fíìsì náà wà lókè pátápátá, fèrèsé rẹ̀ ò ṣeé ṣí, gíláàsì ni láti ilẹ̀ dókè. Èèyàn ní láti fi káàdì kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, kó tún fi kàn án kó tó jáde. Lọ́jọ́ tó gbàgbé káàdì rẹ̀ sórí tábìlì, tó tẹ̀ lé ẹlòmíràn gba ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ jáde, ó dúró láàárín ilẹ̀kùn méjì fún ìgbà pípẹ́ kí ẹnì kan tó rí i. Ó fi ṣe àwàdà fún àbúrò rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ibẹ̀ ló ti yanjú ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Iṣẹ́ náà gbà á lọ́pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i ṣe. Wọ́n pe gbogbo ọ́fíìsì jọ, ó sì tẹ ìlà kan láìfi àmì kankan sí i: *Oko iyawo gbe oko sinu oko lo si oko.* Ẹ̀rọ náà ò kọsẹ̀. Ó kà á bí ẹni tí ìyá rẹ̀ kọ́ dáadáa: "Ọkọ ìyàwó gbé ọkọ́ sínú ọkọ̀ lọ sí oko." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín sókè lọ́jọ́ náà, láìsí àbúrò rẹ̀ níbẹ̀.

Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ọkùnrin kan ni tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, tí yóò tún rẹ́rìn-ín bó bá sọ ọ́ tán.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fi èyí sínú Kàáfúnmi àkọ́kọ́, èyí tó wà ní ìta fún gbogbo èèyàn?"

"Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ ká máa fọwọ́ ara wa ta ọjà wa lọ́fẹ̀ẹ́ ni?"

"Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ lẹ ti rí i mú, sà."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Àṣẹ tí ẹ̀yin fúnra yín kọ ló sọ pé ká ṣe bó ti wù wá. Ṣé a jalè ni?"

Wọn ò jalè. Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀.

Láàárín àkókò yìí, àbúrò rẹ̀ ti ríṣẹ́ sí ọsibítù kan, ní yàrá ìpè. Á gbé fóònù, á gbọ́ ẹni tí wọ́n ń wá, á so ìpè náà mọ́ yàrá tó tọ́. Láti inú wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ sójú ẹ̀rọ rẹ̀: dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tí wọ́n ti gbé kúrò ní yàrá kan sí òmíràn, ẹni tó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ kíákíá. Ètò iléeṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń kà á sí i létí. Wọ́n ti yọ ohùn ìyá kúrò, wọ́n fi ti ọmọge kan sí i. "Ìyá ti fẹ̀yìn tì," àbúrò á wí, "wọ́n ti gba ọmọdé sípò rẹ̀." Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bó ṣe lè sọ lọ. Gbogbo ọsibítù mọ ohùn rẹ̀, àwọn kan sì ń pè é lásán láti kí i.

Ọdún kan wá dé tí iléeṣẹ́ pinnu pé ètò àwọn kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ lórí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́. Ẹ̀rọ tó bá dàgbà ju báyìí lọ, ètò náà kò ní ṣí lórí rẹ̀. Kì í ṣe pé kò lè ṣí. Obìnrin náà mọ̀ pé ó lè ṣí, òun ló kọ ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n kàn fẹ́ kí àwọn èèyàn ra ẹ̀rọ tuntun ni. Ẹ̀rọ ìpè ọsibítù náà sì ti gbó, àwọn aláṣẹ ọsibítù sì ní owó rírọ́pò rẹ̀ kò sí nínú ètò ìnáwó ọdún yẹn.

Ó tún gòkè lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ó ṣàlàyé, ó bẹ̀bẹ̀, ó ní òun á fi àkókò ara òun ṣe é.

"Ẹ ò ní àkókò ara yín lórí nǹkan yìí," ọ̀gá wí. Ó rẹ́rìn-ín. "Ó wà nínú ìwé."

Nígbà tí ètò náà kọ̀ tí kò ṣí mọ́ lọ́sibítù, wọ́n gbé Kàáfúnmi àtijọ́ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ohùn ìyá padà. Ṣùgbọ́n Kàáfúnmi àtijọ́ ò mọ àmì ohùn, ní apá yẹn, bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ ní yunifásítì náà ló ṣì wà. Nọ́ọ̀sì kan tó ń sáré tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé *Aya n dun alaisan yara keji.* Ẹ̀rọ kà á: "Aya ń dun aláìsàn yàrá kejì." Àbúrò rò pé ọkùnrin kan ló ń ṣàárò ìyàwó rẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ wá ìyàwó náà wá. Dókítà tó yẹ kó wá wo àyà ọkùnrin náà ò gbọ́ nǹkan kan títí nọ́ọ̀sì fi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré wá. Ọkùnrin náà ò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé àbúrò kúrò ní yàrá ìpè lọ sí ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ ibùsùn. Wọn ò bínú sí i. Wọ́n kàn fi aṣọ sí i lọ́wọ́ ni.

Agídí ṣì wà nídìí Kàáfúnmi ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Yàrá kan ló ń gbé, lókè ibi tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe, àwọn kọ̀ǹpútà tí ìdérí wọn ti ṣí kún ilẹ̀ débi pé èèyàn ní láti fò wọ́n kọjá kó tó dórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn èèyàn láti ibi púpọ̀ ti ń bá a kọ díẹ̀díẹ̀, ó sì ti fi gbogbo èyí tí wọ́n ń kọ́ lé e sábẹ́ Má-tilẹ̀kùn, nítorí Ṣe-bó-o-ti-fẹ́ gbà á láyè láti ṣe ìyẹn pẹ̀lú. Àbúrò lọ bá a pé kí wọ́n jọ wá nǹkan ṣe sí àmì ohùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ẹ̀gbọ́n lọ síbẹ̀ láti mú àbúrò rẹ̀ wálé. Ó bá àwọn méjèèjì lẹ́nu iṣẹ́.

"Mo ti rí i," Agídí wí. "Ká to gbogbo ọ̀rọ̀ tó lójú méjì, ká mú èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn fún un. Bó bá ti rí *aya*, kó pè é ní àyà. Ó tán."

"Ó tán kẹ̀?" àbúrò wí. "Bí wọ́n bá wá kọ ọ́ pé aya aláìsàn ti dé ńkọ́? Àyà aláìsàn ti dé, ó jókòó síta, ó ń dúró de dókítà?"

Agídí rẹ́rìn-ín, ó họ orí. Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di báàgì rẹ̀ mú. Ó rí ibi tí wọ́n ń lọ, ó sì rí ògiri tó wà níwájú wọn, nítorí òun náà ti forí gbá a rí. Ọ̀rọ̀ kì í dá rìn. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e ló ń sọ irú ẹni tó jẹ́. Ọ̀nà tó rọrùn sì wà láti kọ́ ẹ̀rọ ní ìyẹn, débi pé ẹ̀rọ àtijọ́ pàápàá á gbé e. Gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ. Ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tó fọwọ́ sí ka orí ahọ́n mọ́ ọn. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sì wọnú Kàáfúnmi, iléeṣẹ́ lè gbé Agídí àti gbogbo àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ sí kóòtù, wọn á ní ohun tí wọ́n jí gbé ló wà nínú rẹ̀.

"Kí lo rò?" Agídí bi í.

"Mi ò lè sọ nǹkan kan."

"Ṣé o ò lè sọ ni, àbí o ò mọ̀?"

Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Àbúrò rẹ̀ yí ojú sí ọ̀nà ibi tó wà. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ bí ẹ ṣe mí. Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ lè tan olójú jẹ o. Etí ni tèmi."

Agídí ló gbà á sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọkùnrin náà, ó ní, "Fi í sílẹ̀. Bó bá la ẹnu rẹ̀ níbí, gbogbo wa la máa kó sínú ẹ̀." Kò sọ pé *mo sọ fún ọ nígbà náà*. Ọkùnrin tí kì í gbà kí àríyànjiyàn tán, ó jẹ́ kí èyí tán. Ìyẹn ló dun obìnrin náà jù. Ó sọ̀ kalẹ̀ láìmú àbúrò rẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn rédíò tó ń sọ ọ̀rọ̀ méje pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì sunkún síbẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó gba káàdì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó lọ rí lọ́yà, àgbà obìnrin kan tó ti bá ìyá wọn ṣe iṣẹ́ tíṣà rí. Lọ́yà ka ìwé àdéhùn náà tán, ó bọ́ awò ojú.

"Ọdún méjì," ó wí. "O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun tó jọ ọ́ títí ọdún méjì á fi pé. O ò gbọdọ̀ kọ ọ́, o ò gbọdọ̀ kọ́ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà pàápàá, ohun tí o bá kọ gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kì í ṣe tiwọn."

"Kí ni mo wá fiṣẹ́ sílẹ̀ fún nígbà náà, mà?"

"Ìbéèrè tó yẹ kí o wá bi mí kí o tó fi í sílẹ̀ nìyẹn, ọmọ mi."

Ó ríṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, ó ń tún ẹ̀rọ tó bá há ṣe. Tádàwà kì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ní àárọ̀, òun àti àbúrò rẹ̀ jọ ń jáde, ó ń mú un dé ọsibítù kó tó lọ síṣẹ́ tirẹ̀. Ọmọkùnrin náà á bọ́ sí ìsàlẹ̀ ilé tí kò ní fèrèsé, á máa fi ọwọ́ wá etí aṣọ. Ó ní kò burú, ó ní aṣọ kì í ṣi ọ̀rọ̀ pè.

Nílé ló le jù. Ṣé ẹ mọ̀ pé àbúrò àti Agídí ò jáwọ́? Nígbà tí ọ̀nà àkọ́kọ́ forí gbá ògiri, àbúrò ló ní, "Èmi ni mo mọ bó ṣe yẹ kó dún. Ẹ jẹ́ kí n máa sọ fún un." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ gbólóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, á tún èyí tí ẹ̀rọ kà sódì ṣe. Ó mú àwọn afọ́jú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ìyá àgbà kan wà nínú wọn tó ń bá ẹ̀rọ jà bí ẹni ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ wí. Àwọn gbólóhùn náà di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, Agídí sì fi wọ́n kọ́ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọ ọ́ lórí fóònù tí ilẹ̀kùn dún, àbúrò á ní, "Ẹ dúró, ẹ̀gbọ́n mi ti dé," á sì pa fóònù. Nítorí ìfẹ́ ni. Kò fẹ́ kó gbọ́ ohun tí yóò fi wọ ìjàngbọ̀n. Obìnrin náà á wá bọ́ bàtà rẹ̀ nínú ilé tó dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Kí ló dé tí ẹ̀yin méjèèjì ò bá ara yín sọ̀rọ̀ mọ́?" ìyá bi wọ́n. "Ṣé ẹ jà ni?"

"Rárá, Màmá," wọ́n fi ẹnu kan náà dáhùn.

Ní ọ̀sán kan Agídí wá bá a níbi iṣẹ́. Ó dúró láàárín àwọn ẹ̀rọ tó ń pariwo. "Ọ̀rọ̀ kóòdù kọ́ ni mo bá wá," ó wí. "Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni. Ìyẹn ò sí nínú ohun tí wọ́n ní kí o má sọ."

"Sọ ọ́."

"Ó ti ń kà á dáadáa báyìí. Kò pé, ṣùgbọ́n ó tó. Ọsibítù gbà. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ìpè fún ọsibítù ni wọn ò gbà. Wọ́n ní àwọn kì í fi nǹkan Má-tilẹ̀kùn sínú ẹ̀rọ àwọn. Wọ́n ní bí mo bá yí i padà sí Ṣe-bó-o-ti-fẹ́, àwọn á gbà á lọ́la."

"Ṣé wàá yí i?"

"Mi ò lè dá yí i. Ọwọ́ tó ti wà nínú rẹ̀ pọ̀, kálukú ló ni apá tirẹ̀, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ gbà. Àwọn kan ò fèsì. Àwọn kan ti búra pé àwọn ò ní gbà láéláé. Ọ̀kan ti kú. Ṣé kí n lọ tọrọ àṣẹ lójú sàréè ni?"

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò sì lè dá a dúró. "Èmi ṣílẹ̀kùn, wọ́n tì mí mọ́ta. Ìwọ ní kẹ́nikẹ́ni má tilẹ̀kùn, o ò wá rí ibi wọlé."

"Máa fi mí rẹ́rìn-ín," Agídí wí, ṣùgbọ́n òun náà ti ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bó bá jẹ́ Má-tilẹ̀kùn la fi sí i níbẹ̀rẹ̀ ni, ohun tí o rí lọ́hùn-ún ì bá ti wà níta."

"Tàbí kí wọ́n má mú un rárá. Kí n má dé ọ̀hún, kí n má sì rí nǹkan kan."

Agídí ronú sí i. "Mi ò mọ̀," ó wí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò gbọ́ ìyẹn lẹ́nu rẹ̀ nìyí.

Àbúrò ló tú u. Bí wọ́n ti ń rojọ́ náà fún un, ó ní, "Ṣé dandan ni kó wọnú ẹ̀rọ ìpè ni? Ṣé kò lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni?" Wọ́n wo ara wọn. Ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ọsibítù fa kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ti pa tì jáde, wọ́n gbé e sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìpè, wọ́n fi Kàáfúnmi sínú rẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn wọ́ọ̀dù máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀. Ètò ń dá dúró, ẹ̀rọ ìpè ń dá dúró, ẹnikẹ́ni ò rí ẹjọ́ rò. Àbúrò padà sípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì ọjọ́ ni, nítorí wọ́n ti fi ọmọbìnrin olójú kan sórí àga rẹ̀, wọn ò sì ní lé e. Láti ọ̀sán, á tún sọ̀ kalẹ̀ lọ ká aṣọ.

Ọdún méjì náà pé ní ọjọ́ iṣẹ́ lásán kan. Obìnrin náà fọ tádàwà kúrò lọ́wọ́, ó lọ sí yàrá Agídí, ó fo àwọn kọ̀ǹpútà kọjá, ó jókòó níwájú Agídí àti àbúrò rẹ̀. Lọ́yà ti ní kó má lo ti iléeṣẹ́, ṣùgbọ́n òye tó wà lórí rẹ̀, ó ti ń yí i padà látìgbà yẹn wá, ó ti rí ọ̀nà mìíràn tó jẹ́ tirẹ̀. Ó ti ń tò ó bí ẹni ń to ẹrù ìrìn-àjò. Ó ṣí Kàáfúnmi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ó kà á títí. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ ọ kì í ṣe ọ̀nà rẹ̀ rárá. Wọ́n ti gba ibi gbólóhùn àwọn afọ́jú wọ̀nyẹn lọ jìnnà, wọ́n ti kọ́ ilé sí ibi tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ wà. Kò sí àyè tí ó lè ki ohun tó gbé wá bọ̀. Gbólóhùn tó gbé mì ní yàrá yìí, tó fi fiṣẹ́ sílẹ̀, tó fi ń dákẹ́ nínú ilé ìyá rẹ̀, kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò pè é. Ó ti gbọ́ bó ṣe mí. "Ṣé kò dára ni?"

"Ó dára," ó wí. "Mi ò mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀ ni."

Àbúrò fọwọ́ wá àga, ó fà á sún mọ́ ọn. Ó ní àwọn gbólóhùn kan wà tí ìyá àgbà yẹn sọ lánàá tí ẹnikẹ́ni ò tíì yẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà fi ohun ìgbọ́rọ̀ bo etí, ó tẹ gbólóhùn àkọ́kọ́, ó sì gbọ́ ọ tán kó tó kọ nǹkan kan.